Nígbà Tí Update Windows Bá Kọ̀ Tí Kò Wọlé: Àyẹ̀wò Àwọn Irinṣẹ́ Àtúnṣe Tí Ó Wà Lọ́fẹ̀ẹ́

Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò nínú ilé wa ní Ìbàdàn. Òun ni ìyàwó mi fi ń ṣe ìṣirò ọjà rẹ̀, òun ni àwọn ọmọ fi ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, inú rẹ̀ náà sì ni mo kó ohùn màmá mi sí, níbi tí wọ́n ti ń ki oríkì ìdílé wa láti orí baba ńlá wa títí dé orí àwọn ọmọ mi. Tòkunbọ̀ ni. Ọwọ́ ẹnìkan tí ó máa ń kó wọn bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ni a ti rà á, ibi ìpamọ́ inú rẹ̀ kò ju 128 gígábáìtì lọ, Windows 11 ni ó sì wà lórí rẹ̀. Oṣù mẹ́ta gbáko ni update fi kọ̀ tí kò wọlé. Yóò fa gbogbo ẹrù rẹ̀ wá láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò ní kí a pa kọ̀ǹpútà kí a tún un tàn, yóò máa kà á lọ nínú ọgọ́rùn-ún títí yóò fi dé 35, lẹ́yìn náà ni yóò wá kọ ọ́ sójú pé iṣẹ́ náà kò ṣeé parí, pé òun ń dá gbogbo nǹkan padà sí bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Dátà ti lọ, àkókò ti lọ, ibi tí a wà náà ni a ṣì wà.

Mo lè gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí ni kò jẹ́ kí ẹsẹ̀ mi yá. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, irú ìṣòro yìí kan náà dé bá kọ̀ǹpútà tí a ń lò ṣáájú èyí, mo sì gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí mo bá níbẹ̀ wò ó fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fọ́ọ̀mátì ni yóò gbà o. Ẹ fi sílẹ̀, ẹ padà wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́." Mo bi í bóyá àwọn fáìlì wa kò ní lọ, ó ní kí n fọkàn balẹ̀. Nígbà tí mo gbé e délé, Windows tuntun ni mo bá lórí rẹ̀, ó mọ́ tónítóní, ṣùgbọ́n gbogbo fọ́tò ìsọmọlórúkọ àbíkẹ́yìn wa ti lọ pátápátá. Títí di òní, bí ọ̀rọ̀ náà bá wáyé nínú ilé, ìyàwó mi máa ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó dá mi lóhùn. Nítorí náà, nígbà tí èyí tún dé, mo pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní fọwọ́ kan ibi tí ohùn màmá mi wà títí n ó fi mọ̀ dájú pé kò sí ọ̀nà mìíràn.

Àyẹ̀wò tí mo ń kọ yìí dá lórí àwọn irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Microsoft fi sínú Windows fúnra rẹ̀, àti èyí tí ó gbé sórí ìkànnì rẹ̀, fún títún irú àìsàn yìí ṣe. Mo lò wọ́n tẹ̀ léra wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. N kò ní fọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: èyí tí Windows ń gbé síwájú wa jù kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò, èyí tí ó wúlò jù lọ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ pé ó wà, tí wọ́n fi ń san owó kí wọ́n bá wọn pa ohun ìní wọn rẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé update jẹ́ ohun tí a lè tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí a máa bá iṣẹ́ wa lọ. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù kọ̀ọ̀kan ni Microsoft máa ń gbé àtúnṣe ààbò jáde, ní nǹkan bí agogo mẹ́fà tàbí méje ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ní kété tí ó bá ti jáde ni gbogbo ayé, títí kan àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti lè mọ ihò tí wọ́n dí. Kọ̀ǹpútà tí kò bá gba àtúnṣe náà dà bí ilé tí wọ́n ti kéde fún gbogbo àdúgbò pé ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní kọ́kọ́rọ́, bẹ́ẹ̀ orí kọ̀ǹpútà yìí ni ìyàwó mi ti ń fi owó ránṣẹ́ sí àwọn tí ó ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn.

Irinṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ lò ni troubleshooter, èyí tí ń wá ìdí ìṣòro fúnra rẹ̀, torí òun ni Settings fi síta gbangba. Nínú Windows 11 ti ìsinsìnyí, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, inú ètò kan tí ń jẹ́ Get Help ni yóò gbé yín lọ, yóò sì máa bi yín ní ìbéèrè níbẹ̀. Ohun tí ó ń ṣe ní tòótọ́ ni pé ó ń wò bóyá àwọn iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tí update gbára lé ń ṣiṣẹ́, ó sì ń tún díẹ̀ nínú wọn tàn. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní òun ti parí, ó bi mí bóyá ìṣòro mi ti yanjú. Mo tún update ṣe, ó tún dé 35, ó tún padà. Fún ẹni tí iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ rẹ̀ kan kàn sùn lọ lásán, ó lè tó. Mo ti rí i kí ó ṣe é fún àbúrò mi kan. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tí ó rí fún mi, kò sì tọ́ka sí ibi tí mo tún lè gbà. Nínú máàkì mẹ́wàá, mẹ́ta ni mo lè fún un.

Ojú ewé kan tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ nínú Settings, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Update history, ràn mí lọ́wọ́ jù ú lọ. Ibẹ̀ ni Windows ń kọ orúkọ update kọ̀ọ̀kan tí ó kọ̀ sí, pẹ̀lú nọ́ńbà gígùn kan tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0x. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wo nọ́ńbà yìí bí ẹni wo èdè àjèjì, bẹ́ẹ̀ òun ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ lórí ìwé kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Tèmi jẹ́ 0x80070070, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju pé ààyè kò tó lórí dísìkì. Bí ó bá jẹ́ 0x80072ee2 ni ẹ rí, íntánẹ́ẹ̀tì ni kò dáhùn ní àsìkò, kò sì sí ohun tí ó bàjẹ́ lára kọ̀ǹpútà yín. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0xC1900101, ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé driver kan (ètò kékeré tí Windows fi ń darí ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà), bóyá ti ojú kọ̀ǹpútà tàbí ti Wi-Fi, ni ó ń dènà rẹ̀. Ẹ yọ gbogbo ohun tí ẹ kì bọ̀ ọ́ lára, kí ẹ sì wá driver tuntun láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe kọ̀ǹpútà náà. Ẹni tí ó bá fọ́ọ̀mátì nítorí pé ààyè kò tó, ilé ni ó wó nítorí pé yàrá kún.

Síbẹ̀, nọ́ńbà náà lè ṣini lọ́nà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2024, Microsoft gbé update kan jáde fún Windows 10, tí àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ jẹ́ KB5034441. Orí kọ̀ǹpútà púpọ̀ ni ó ti kọ̀, tí ó ń fi 0x80070643 hàn. Ìpín kékeré kan wà lórí dísìkì tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irinṣẹ́ tí ń jí Windows dìde bí ó bá kú. Update yìí ń fẹ́ 250 mẹ́gábáìtì tí ó ṣófo nínú ìpín náà, ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kò sì ní in. Microsoft fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé nọ́ńbà tí ó hàn kì í ṣe èyí tí ó yẹ kí ó hàn, nítorí ọ̀rọ̀ ààyè ni. Mo mẹ́nu ba èyí nítorí àwọn tí ń dá ara wọn lẹ́bi: ìgbà mìíràn wà tí àìsàn náà ti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ṣe ètò wá, tí ohun tí ó dára jù sì jẹ́ kí a dúró de oṣù tí ń bọ̀.

Ní tèmi, mo wo dísìkì, gígábáìtì mẹ́fà péré ni ó ṣẹ́ kù. Àwọn fídíò WhatsApp kún inú rẹ̀ bámúbámú, àwọn ọmọ sì ti kó fíìmù sínú fódà Downloads. Mo lọ sí Settings, mo wọ System, mo wọ Storage, mo ṣí Temporary files, mo sì mú Windows Update Cleanup mọ́ àwọn ohun tí yóò palẹ̀ mọ́. Ìrántí kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn: orúkọ Downloads náà wà láàárín àwọn ohun tí ojú ewé yìí lè pa rẹ́. Ẹ má fi àmì sí i láìjẹ́ pé ẹ ti yẹ inú rẹ̀ wò, nítorí fáìlì tí ó bá ti ibẹ̀ lọ kì í gba inú Recycle Bin kọjá. Nígbà tí mo ṣe tán, gígábáìtì mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni ó ṣófo. Irinṣẹ́ tí ó dára ni Storage jẹ́, ó yára, ó sì ṣe kedere.

Inú mi dùn, mo tún update náà bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan náà. Ó ti kọjá 35, ó ti dé 60, ni iná bá lọ. Bátìrì tòkunbọ̀ wa kì í gbé e ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kí n tó dé ìdí jẹnẹrétọ̀, ojú kọ̀ǹpútà ti ṣókùnkùn. Nígbà tí ó padà tàn, Windows ṣiṣẹ́, àwọn fáìlì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ti yí padà di 0x80073712. Èyí burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó túmọ̀ sí pé àwọn fáìlì kan nínú ibi ìṣúra tí Windows ti ń mú ẹ̀yà ara rẹ̀ ti bàjẹ́ tàbí wọ́n ti sọnù. Èmi ni mo jẹ̀bi rẹ̀, nítorí mo mọ bátìrì náà, mo sì mọ irú iná tí a ní.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú ohun kékeré tí ó máa ń wo ọ̀pọ̀ update sàn. Fódà kan wà nínú C:\Windows tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ SoftwareDistribution. Ibẹ̀ ni Windows ń kó gbogbo ohun tí ó bá fà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sí kí ó tó gbé e wọlé. Bí ẹrù tí ó wà níbẹ̀ bá ti dàrú, gbogbo ìgbà ni yóò máa lo ẹrù dídàrú kan náà. Mo ṣí Command Prompt, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, gẹ́gẹ́ bí alákòóso, mo tẹ net stop wuauserv, mo tẹ net stop bits, kí àwọn iṣẹ́ tí ń lo fódà náà lè jáwọ́. Lẹ́yìn náà ni mo tẹ ren C:\Windows\SoftwareDistribution SoftwareDistribution.old, mo sì fi net start dá àwọn méjèèjì padà sẹ́nu iṣẹ́. N kò pa fódà náà rẹ́, orúkọ rẹ̀ nìkan ni mo yí padà, kí n lè dá a padà bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́. Windows á ṣẹ̀dá tuntun fúnra rẹ̀. Ẹ mọ̀ pé lẹ́yìn èyí, Update history yóò ṣófo, nítorí inú fódà náà ni ìtàn rẹ̀ wà. Ẹni tí kò bá ti kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ kò ní rí i mọ́. Ìlànà yìí kò ná mi ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, ṣùgbọ́n kò wo tèmi sàn, nítorí ẹrù kọ́ ni ó bàjẹ́, ibi ìṣúra ni.

Ìyẹn ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ DISM àti SFC, irinṣẹ́ méjì tí a ń pè láti inú Command Prompt, mo sì fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, nítorí irinṣẹ́ gidi ni àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì wọ́n lò. Windows ní fódà kan tí ń jẹ́ WinSxS, níbi tí ó tọ́jú àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ sí. Bí ẹ̀yà kan bá bàjẹ́ lára Windows tí ń ṣiṣẹ́, SFC ni yóò lọ mú ẹ̀dà rẹ̀ tí ó péye jáde láti ibẹ̀ tí yóò fi rọ́pò rẹ̀. Bí ibi ìṣúra fúnra rẹ̀ bá wá ti bàjẹ́, níbo ni SFC yóò ti mú ohun tí ó péye? Iṣẹ́ DISM nìyẹn. Òun ni ó ń tún ibi ìṣúra náà ṣe, tí ó sì ń lọ wá ohun tí ó sọnù lọ́dọ̀ Windows Update. Ìdí nìyẹn tí Microsoft fi ní kí a fi DISM ṣáájú, kí SFC tẹ̀ lé e. Púpọ̀ nínú ìmọ̀ràn tí àwọn ọ̀rẹ́ fi ránṣẹ́ sí mi ni ó yí i sódì, wọ́n á ní kí n tẹ sfc /scannow, kí n sì gbàgbé ìyókù.

Mo tẹ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth, mo fi bọ́tìnì Enter tì í lẹ́yìn, mo jókòó tì í. Ìlà kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí gùn lọ́nà ìwọ̀n díẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí ó dé 62.3, ó dúró. Ìṣẹ́jú márùn-ún kọjá, mẹ́wàá kọjá, kò mira. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń fi ìbínú pa á, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ kankan lójú rẹ̀ tí yóò sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́ tàbí ó ti kú. Mo wo iná kékeré tí ń ṣẹ́jú lára kọ̀ǹpútà, mo rí i pé ó ń ṣẹ́jú, mo ní kí n mú sùúrù. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún kí ó tó tún rìn. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ó dé òpin, ó sì kọ 0x800f081f, pé òun kò rí orísun ibi tí òun ti lè mú àwọn fáìlì náà. Mo ṣe SFC náà tán, ó ní òun rí fáìlì tí ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n òun kò lè tún díẹ̀ nínú wọn ṣe.

N kò torí èyí bu ẹnu àtẹ́ lu DISM. Ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó sọ òtítọ́, kò sì ṣe bí ẹni pé ó ti yanjú ohun tí kò yanjú, èyí tí ó sàn ju ti troubleshooter lọ. Ohun tí ó dùn mí ni pé ó sọ òtítọ́ náà ní èdè tí ẹni tí kì í ṣe onímọ̀ kò lè lóye, kò sì sọ ibi tí mo tún lè gbà. Bí ó bá jẹ́ pé orísun ni kò rí, ó yẹ kí ó lè wí fún mi pé kí n lọ fa ISO, fáìlì tí odindi Windows wà nínú rẹ̀, wá. Mo fún un ní mẹ́fà nínú mẹ́wàá.

Ohun tí mo wá ṣe gbẹ̀yìn ni ó yẹ kí n ti ṣe láti ọjọ́ kejì. Lórí ìkànnì Microsoft, ẹnikẹ́ni lè fa odindi Windows 11 wá lọ́fẹ̀ẹ́, gẹ́gẹ́ bí fáìlì ISO kan ṣoṣo tí ó ju gígábáìtì márùn-ún lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé fọ́ọ̀mátì nìkan ni wọ́n ń fi í ṣe. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Bí Windows yín bá ṣì lè tàn, tí ẹ ṣí ISO náà láti inú rẹ̀, tí ẹ sì tẹ setup.exe lẹ́ẹ̀mejì, yóò tún Windows gbé ka orí Windows, yóò pààrọ̀ ẹ̀yà ara rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀, pẹ̀lú ibi ìṣúra tuntun, yóò sì fi fáìlì yín àti àwọn ètò tí ẹ ti gbé sórí rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Kò gba fláàṣì, kò gba kí a wọ inú BIOS (ètò tí ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó tàn), kò sì gba kí a mọ iṣẹ́ ẹnjiníà.

Ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó ti lè kọ́ ènìyàn lẹ́sẹ̀, ó sì kọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo ra dátà òru, mo fa ISO náà láàárín agogo kan sí mẹ́rin òru, mo ṣí i ní àárọ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Nígbà tí ó dé ojú ewé tí ó ti ń béèrè ohun tí a fẹ́ tọ́jú, ohun àkọ́kọ́, èyí tí ó kà pé Keep personal files and apps, ti ṣú dùdù, kò ṣeé tẹ̀. Kò sí àlàyé kankan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni yóò rò pé kò ṣeé ṣe, tí wọ́n á sì tẹ èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ń jẹ́ Nothing. Ọlọ́run ni ó yọ mí, mo tẹ Cancel. Lẹ́yìn ìwádìí ni mo tó mọ̀ pé èdè ni ó fà á. Tòkunbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù ni kọ̀ǹpútà wa. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ti ilẹ̀ Bírítéènì ni wọ́n fi gbé Windows sórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. ISO tí mo fà sì jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà. Bí èdè ISO bá yàtọ̀ sí èdè tí Windows fi dé ayé, setup kò ní gbà láti tọ́jú àwọn ètò yín.

Ẹ lè mọ ti yín kí ẹ tó ná dátà kankan. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alákòóso, kí ẹ tẹ dism /online /get-intl, kí ẹ sì wo èdè tí ó bá kọ sí iwájú Default system UI language. Bí ó bá jẹ́ en-US, English (United States) ni kí ẹ mú lórí ìkànnì Microsoft. Bí ó bá jẹ́ en-GB, English International ni. Nítorí pé Bírítéènì ni púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí a ń lò ti ń wá, mo gbà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́dọ̀ wa ni yóò bá irú èyí pàdé. Bákan náà, ISO náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ti ìgbà àtijọ́ ju Windows tí ó wà lórí kọ̀ǹpútà lọ, àìjẹ́bẹ́ẹ̀, kò ní gbà.

Mo tún dátà rà, mo fa English International. Lọ́tẹ̀ yìí, ohun àkọ́kọ́ náà tàn kedere, àmì sì ti wà lórí rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án. Mo ti so kọ̀ǹpútà mọ́ ìnfátà ẹ̀gbọ́n mi tí ó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ilé, torí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ iná. Ó gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú márùnlélógójì, ó kú ó sì tàn ní ìgbà mẹ́ta, èmi náà kò sì kúrò níwájú rẹ̀. Nígbà tí ó ṣe tán, orúkọ ìyàwó mi jáde lórí ojú rẹ̀ bí ó ti máa ń jáde, àwọn ìwé ìṣirò rẹ̀ wà, ètò tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ ìṣirò wà. Mo ṣí fódà ohùn màmá mi kí n tó ṣí ohunkóhun mìíràn, mo tẹ èyí tí ó wà lókè pátápátá, mo sì gbọ́ bí wọ́n ti ń wúkọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oríkì. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni mo fún irinṣẹ́ yìí. Máàkì kan tí mo yọ jẹ́ ti ọ̀rọ̀ èdè tí kò ṣàlàyé.

Àwọn tí wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì tí ó dúró déédéé ní ọ̀nà tí ó tún rọrùn ju ti ISO lọ. Nínú Windows 11, ẹ wọ Settings, System, kí ẹ sì wọ Recovery; ẹ óò rí ohun tí ń jẹ́ Fix problems using Windows Update, pẹ̀lú bọ́tìnì Reinstall now. Iṣẹ́ kan náà ni ó ń ṣe, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì mú èdè tí ó tọ́. Mo dán an wò lórí kọ̀ǹpútà àbúrò mi, ó sì ṣiṣẹ́. Ohun tí kò jẹ́ kí n fi ṣáájú ISO ni pé ISO tí a bá ti fà wà lọ́wọ́ ẹni, a lè fi tún kọ̀ǹpútà mẹ́ta ṣe pẹ̀lú dátà ẹ̀ẹ̀kan.

Kí ẹ tó lo èyíkéyìí nínú wọn, ẹ da ohun tí ó ṣe iyebíye sórí fláàṣì tàbí dísìkì ìta, nítorí irinṣẹ́ tí ó dára náà lè bá iná burúkú pàdé. Ẹ tún wò bóyá Device encryption, tí ń ti dísìkì pa kí ẹlòmíràn má lè kà á, wà ní títàn lórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ sì wá kọ́kọ́rọ́ ìmúpadà BitLocker yín (nọ́ńbà gígùn tí ó ń ṣí i) nínú àkáǹtì Microsoft yín, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó lè béèrè fún un nígbà tí ó bá ń tún ara rẹ̀ tàn, ẹni tí kò bá sì ní in yóò jókòó síta ilé ara rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ padà sí Windows ti tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn àtúnṣe, ọjọ́ mẹ́wàá ni ẹ ní kí fódà Windows.old tó lọ.

Fún àwọn tí wọ́n ṣì wà lórí Windows 10, kí ẹ mọ̀ pé ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àtìlẹ́yìn rẹ̀ parí. Bí update kò bá wá mọ́, ó lè má jẹ́ àìsàn rárá. Ẹ forúkọ sílẹ̀ fún ètò àfikún ààbò tí Microsoft fi ọdún kan kún un. Bí setup bá sì ní kọ̀ǹpútà yín kò lè gba Windows 11, ẹ wo TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà) àti irú ọpọlọ (processor) tí ó ní kí ẹ tó bínú sí ẹnikẹ́ni, nítorí bí ó bá jẹ́ Intel, ti ìran kẹjọ sókè ni ó ń béèrè.

Àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ṣì ní ààyè tiwọn. Bí dísìkì bá ń kú lọ, tí ó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀, tàbí tí CrystalDiskInfo (ètò ọ̀fẹ́ tí ń yẹ ìlera dísìkì wò) ń fi àwọ̀ pupa tàbí yẹ́lò hàn, kò sí irinṣẹ́ kankan nínú Windows tí yóò gbà á là. Ẹ kó fáìlì yín kúrò kíá, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn nítorí update lásán, tí wọ́n sì ní fọ́ọ̀mátì ni, ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n ti fi ISO gbìyànjú àtúnṣe tí ń tọ́jú fáìlì. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ yóò dá yín lóhùn láìbínú.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì oṣù tí ó tẹ̀ lé e, update dé ní ìrọ̀lẹ́ bí ó ti máa ń dé. Ìyàwó mi ń ṣe ìṣirò ọjà rẹ̀ lọ́wọ́, ó pè mí pé, "Bàbá àwọn ọmọ, ó tún ní kí a pa òun kí a tún òun tàn o." Mo so ó mọ́ ìnfátà, mo jókòó tì í. Ó dé 35, ó kọjá rẹ̀, ó dé 100, nígbà tí mo sì ṣí Update history, ọ̀rọ̀ tí mo bá níwájú orúkọ rẹ̀ ni Successfully installed.